Owó oúnjẹ láàárín oko àti Bódìjà: níbo ló ń gbà lọ?

Àdùkẹ́ Mọ́kọlá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún àwọn tó mọ iṣẹ́ oko, iṣẹ́ ọjà àti ètò ọrọ̀ ajé nílùú Ìbàdàn.

Nàìjíríà ló ń wu pákí àti iṣu jù ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, gbé jáde ní 2022 fi hàn pé mílíọ̀nù 133 nínú wa, ìyẹn ìdá 63 nínú 100, ni ìṣẹ́ ń bá fínra: kì í ṣe ti owó nìkan, ó kan omi, ilé ìwé, ìlera àti ohun ìdáná pẹ̀lú. Ìwádìí wọn ti 2019 sì sọ pé nínú 100 náírà tí ìdílé bá ná, ó lé ní 56 tó ń lọ sórí oúnjẹ. Àgbẹ̀ tó wà ní Èrúwà ń sọ pé ọjà òun ò pa owó. Ẹni tó ń rà á ní ọjà Bódìjà ń sọ pé apá òun ò ká a mọ́. Owó yẹn ò lè ṣàdédé pòórá. Kí ẹni tó bá mọ ibi tó ń gbà lọ ṣàlàyé, kó sì sọ ohun tó ṣeé ṣe sí i, ìbáà jẹ́ ìjọba ló máa ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ ọjà, ìbáà jẹ́ àwa tí à ń rà á.

Akọ̀wé Agodi

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká ti orí owó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tó wà ní nǹkan bí 190 náírà fò kọjá 480 kí oṣù náà tó tán. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà di nǹkan bí 1,500 ní 2024.

Àwọn ènìyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní epo ló gbé oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Tírélà tó ń gbé ẹ̀wà láti òkè ọya wá kì í lo bẹntiróòlù, dísù (dísẹ́ẹ̀lì) ló ń lò, dísù sì ti kúrò lábẹ́ owó ìrànwọ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú 2023. Náírà tó já ló gbé owó dísù, táyà, òróró ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ibi tí bẹntiróòlù ti ń ṣọṣẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn àjò: ọ̀kadà tó ń gbé ọjà jáde láti oko, Máíkírà tó ń gbé ẹrù láti Bódìjà lọ sí Àpáta, ẹ̀rọ ata lójúlé, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta ẹja yìnyín.

Àlìkámà búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, torí náà dọ́là ló ń sọ iye búrẹ́dì. Pákí tó wà nínú ilẹ̀ ò mọ dọ́là rí. Àmọ́ ajílẹ̀, oògùn apakoríko, àpò tí à ń di í sí àti dísù tó ń gbé e, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ọwọ́ tó ń rà á. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 30,000 bọ́ sí 70,000 ní oṣù Keje 2024. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ tirẹ̀ di 80,000. Èyí ò tíì tó ìlọ́po mẹ́ta, nígbà tí dọ́là ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta ní 2024 yẹn, tí bẹntiróòlù sì ti lé ní ìlọ́po márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gba owó oṣù gan-an ò pọ̀ nínú wa. Alábàárù, oníṣẹ́ ọwọ́ àti alájàpá ò sí lábẹ́ òfin owó oṣù kankan.

Akẹ́rù Òjóò

Òótọ́ ni Akọ̀wé sọ. Ó ku ibì kan tí ojú kì í sábà tó, òun ló sì ń jẹ owó jù fún ohun tútù: ìbàjẹ́ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú tòmátì. Láti Kánò dé ọjà Ṣáṣá nílùú Ìbàdàn ju 800 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ á gba Mọ́kúwà, Jẹ́bà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kó tó yọ sí Mọ́níyà. Inú apẹ̀rẹ̀ híhun ni tòmátì wà, apẹ̀rẹ̀ kan lè gbà tó 40 kílò, wọ́n á sì to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀ dé òkè ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo tòmátì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹrù òkè ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu igi apẹ̀rẹ̀ ń gún un, ooru ò rí ibi jáde. Tí ẹyọ kan bá ti là, omi rẹ̀ á ta sára èyí tó wà nítòsí, ìyẹn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí máa ń lu odindi apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá yọnu, ìyẹn tún kúrò ní ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí omíyalé ba Mọ́kúwà jẹ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀nà yẹn kan náà ló kàn. Ọkọ̀ lè dúró, àmọ́ tòmátì kì í dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí mo máa pè kì í ṣe iye ọjà tòní, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní apẹ̀rẹ̀ 40 kílò jẹ́ 30,000 náírà lóko, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,000. Àpapọ̀ jẹ́ 38,000, ìyẹn 950 náírà lórí kílò kan. Tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá bàjẹ́, nǹkan bíi 27 kílò ló kù láti fi kó 38,000 yẹn padà. Kílò kan ti di nǹkan bí 1,400 kí ẹnikẹ́ni tó jẹ èrè kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ jẹ́ 200 lórí kílò kan, owó ìbàjẹ́ sì lé ní 450. Ẹ̀yin tó ń pariwo owó ọkọ̀, ìbàjẹ́ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Kéréètì oníke ni àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 20 sí 25 kílò, ògiri rẹ̀ ni ẹrù òkè ń jókòó lé, kì í ṣe orí tòmátì, atẹ́gùn sì ń gba ihò rẹ̀ wọlé. Tí ìbàjẹ́ bá já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú 20, kílò 38 ló máa dé ọjà, kílò kan á sì jẹ́ 1,000 géérégé. Kí ló wá dé tí gbogbo ọkọ̀ ò tíì lò ó? Ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, apẹ̀rẹ̀ kì í padà, kéréètì gbọ́dọ̀ padà, òfìfo tó ń padà sì ń gba àyè nínú ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ẹrù mìíràn lọ sókè. Kí wọ́n ra irú tó ń wọnú ara wọn bí abọ́ tí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀. Èkejì, wọ́n máa ń fi kéréètì ṣe àga àti ibi ìtajà, kì í padà mọ́. Owó ìdógò lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìyẹn dúró. Ẹ̀kẹta, ọjà fúnra rẹ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ ka iye. Ẹni tó bá gbé kéréètì wá, wọ́n á ní kó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kí àwọn tó mọ iye tí àwọn máa san. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àfi kí ọjà gbà láti máa wọn ọjà ní kílò.

Bọ̀dé Bẹẹrẹ

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́rù, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ ọlọ́jà pamọ́. Àgbẹ̀ tó bá gbé ọjà ara rẹ̀ wọ ọjà ńlá, wọn ò ní jẹ́ kó tà á fúnra rẹ̀. Àwọn ló ń so owó mọ́ ọjà. Bí a bá lé wọn kúrò láàárín, gbogbo nǹkan á wálẹ̀.

Ìyá Ṣáṣá

Bọ̀dé ọmọ mi, apá kan ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dí àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti ta ohun tó gbìn. Ó yẹ kí ọjà kọ̀ọ̀kan ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀, kó san owó ilẹ̀ ọjọ́ kan, kó sì tà fún ẹni tó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lé alágbàtà, ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó kó tòmátì wá láti òkè ọya ò mọ alárobọ̀ kankan ní Ìbàdàn. Alárobọ̀ ò sì ní owó ọjà lọ́wọ́ láàárọ̀. Ó máa kó o ní àwìn, ó máa tà á, ó máa san án nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì. Alágbàtà ló dúró láàárín wọn. Òun ló ń ṣe onídùúró fún ẹni tó kó ọjà wá, òun náà ló ń gba gbèsè. Owó tó ń gbà lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó ìdúró náà ni. Bí ẹ bá lé e lónìí láìsí ẹni tó máa máa fún alárobọ̀ ní àwìn, ọkọ̀ á kàn yà sí ìlú mìíràn ni.

Ẹ rántí oṣù Kejì 2021. Lẹ́yìn wàhálà tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáṣá, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè ọya dá ọjà dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni, àlùbọ́sà àti ata sì ti kúrò ní ohun tí mẹ̀kúnnù lè fọwọ́ kàn ní gbogbo ìlú yìí.

Ohun tí ẹgbẹ́ ọjà lè ṣe láìná owó púpọ̀ ni òṣùwọ̀n. Kọ́ńgò ni à ń lò, àwọn kan sì máa ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kọ́ńgò ìrẹsì tó péye máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Ẹni tó ń rà á ní kọ́ńgò tó ti wọnú rò pé òun rí ẹ̀dínwó, kò mọ̀ pé iye tí òun san lórí kílò gan-an lè ga ju ti ẹni tó ra kọ́ńgò pípé lọ. Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n oníkílò kan sí ẹnu ọ̀nà ọjà, kí ẹni tó bá fẹ́ wọ́n tirẹ̀ wọ́n ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n sì kọ iye ọjà òní sára pátákó láràárọ̀. Ẹ̀tàn ò ní lè pẹ́ níbi tí òṣùwọ̀n bá wà.

Akọ̀wé Agodi

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa. Kí n fi kan sí i, lórí àwọn tó ń na okùn sójú ọ̀nà láti gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ oúnjẹ. Òfin Taxes and Levies ti 1998 to gbogbo owó orí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà nítorí àtigba owó orí. Òfin wà, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lójú náà wà. Awakọ̀ máa ń san torí pé wákàtí kan tó bá fi bá wọn jiyàn á ba ọjà jẹ́ ju iye tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tó bá ń kọ orúkọ ibẹ̀, aago àti iye tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbogbo ìrìn àjò á ní ẹ̀rí gidi láti gbé lọ sí ilé ẹjọ́.

Oníṣẹ́ Pákí

Ẹ ti sọ̀rọ̀ tòmátì tó. Gàrí ni mẹ̀kúnnù fi ń mí, ìṣòro rẹ̀ sì yàtọ̀: ibí ni wọ́n ti ń gbìn ín, kò nílò 800 kìlómítà. Kí ló dé tó fi wọ́n?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oko. Ní ọ̀pọ̀ oko wa, hẹ́kítà kan kì í mú ju tọ́ọ̀nù 10 jáde, nígbà tí oríṣi pákí tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ń tọ́ jáde níbí nílùú Ìbàdàn lè mú tó 25 lóko tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa. Igi pákí ló kọ́kọ́ ń fà á. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, igi 10,000 ló ń wọ hẹ́kítà kan, igi kọ̀ọ̀kan 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìdì 50, tí ọ̀pá oní-mítà-kan 50 wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tí kò rówó ra ìdì 50 á lọ ṣẹ́ igi lóko àná tó ti ní àrùn ewé kíká, àrùn náà á sì bá a wọ oko tuntun láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwu. Pákí tí wọ́n bá ti wu, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní. Tí ẹ bá gé e lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ máa rí ìlà dúdú tó dà bí omi aró nínú rẹ̀. Gàrí tó bá ti ibẹ̀ jáde á dúdú, ọjà ò sì ní rà á. Èyí ló ń ká àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò. Bí ọkọ̀ ò bá wá lọ́jọ́ tí wọ́n wu pákí, iye tí ẹni tó ń ra pákí bá pè ló máa gbà. Ọ̀nà oko tí kò ní gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí omi ń dúró lé lórí ní oṣù Kẹfà, ń já owó àgbẹ̀ ju bí alágbàtà ṣe ń já a lọ. Mo tẹnu mọ́ gọ́tà torí pé wọ́n máa ń wá fi katakata ho ọ̀nà ní ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, òjò méjì á sì gbá a lọ. Ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ga láàárín kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kí afárá kékeré sì wà níbi tí odò ti ń kọjá. Láìsí méjèèjì, owó dànù ni.

Wàyí o, iṣẹ́ gàrí. Tọ́ọ̀nù kan pákí tútù ń mú nǹkan bí 200 sí 250 kílò gàrí jáde, ìyẹn àpò 50 kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Èèpo àti omi ni ìyókù. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rìn ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáàkì fún un, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án. Ibi mẹ́ta ni owó ti ń jò. Ẹ̀rọ ìrin tí eyín rẹ̀ ti kú máa ń fi kókó sílẹ̀, kókó náà ò ní kọjá nínú asẹ́, ó di oúnjẹ ewúrẹ́. Kí wọ́n pààrọ̀ irin oníhò náà kó tó dé ibẹ̀. Èkejì ni fífún. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, igi ìdáná tó máa jẹ á pọ̀, gàrí á sì di ṣùgọ̀mù nínú agbada. Ẹ̀kẹta, àwọn kan máa ń kó gàrí gbígbóná sínú àpò torí pé wọ́n ń kánjú ọjà. Á làágùn nínú àpò, á sì bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí tó fi máa tutù pátápátá.

Kí wọ́n má sì fi ọjọ́ kíkan ṣeré. Àwọn tó ń kánjú máa ń fún un kí wọ́n sì yan án lọ́jọ́ kan náà. Rírin, kíkan àti fífún ló ń dín májèlé inú pákí kù.

Iná náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, lọ sí nǹkan bí 225 náírà lórí yúnìtì kan, tẹ́lẹ̀ ó wà ní nǹkan bí 68. Gbogbo ènìyàn pariwo, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mú nǹkan bíi yúnìtì méjì jáde nínú lítà kan. Bí lítà bá jẹ́ 1,000, yúnìtì kan ti di 500. Iná ìpele A tó wọ́n yẹn ṣì fi ohun tó ju ìlàjì lọ dín sí ti jẹnẹrétọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń rin pákí ò sí ní ìpele A, wákàtí 20 lójúmọ́ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo iná tí orílẹ̀-èdè tó ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ ń rí lójúmọ́ kì í sábà kọjá mẹ́gáwáàtì 5,000.

Bọ̀dé Bẹẹrẹ

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti gbọ́. Bí ohun tútù bá ń bàjẹ́ báyìí, ṣé yàrá òtútù ló yẹ kí wọ́n kọ́ sí Ṣáṣá? Àbí ìkòkò inú ìkòkò tí wọ́n ń sọ yẹn?

Ẹlẹ́rọ Òtútù

Ìkòkò inú ìkòkò dára, olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun àgbáyé mọ̀ ní ọdún 1990 sí iwájú. Ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Omi tó ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ìta ló ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Jigawa níbi tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù Keje, torí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi. Ẹ lò ó nígbà ọyẹ́ nìkan.

Ní ti yàrá òtútù, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kó gbogbo nǹkan sínú yàrá kan ní ìwọ̀n otútù kan. Tòmátì tí kò tíì pọ́n ò gbọ́dọ̀ wọ ibi tó tutù ju dígírì Celsius 12 lọ. Tó bá kéré sí i, kò ní pọ́n mọ́, á di rírọ̀, á sì máa rà ní gbàrà tó bá jáde. Rodo lè gba 8 sí 10. Ẹ̀fọ́ ń fẹ́ tó tutù ju ìyẹn lọ. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí gbogbo ìṣẹ́jú náà ń mú kí ẹ̀rọ jẹ iná púpọ̀. Kí wọ́n so ọ̀rá tó nípọn tó gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu rẹ̀. Kí àwọn oníbàárà máa sanwó lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tí wọ́n bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹrù tó ti bàjẹ́ ò ní kúrò níbẹ̀.

Akápò Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ jẹ́ kí n kan ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó, torí gbogbo nǹkan tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí, kéréètì, ìdì igi pákí, irin ìrin, owó ló ń rà á. Ní oṣù Kọkànlá 2024, báǹkì àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.50 nínú 100. Ní oṣù Karùn-ún 2023, 18.50 ló wà. Báǹkì tó ń yá ènìyàn lówó á fi tirẹ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún báwo ni wọ́n ṣe ń ka èlé. Ẹ mú 100,000 fún oṣù mẹ́fà ní 5 nínú 100 lóṣù. Bí wọ́n bá ń kà á lórí gbogbo owó títí dé ìparí, èlé jẹ́ 30,000. Bí wọ́n bá ń kà á lórí ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti san díẹ̀ lóṣooṣù, èlé jẹ́ 17,500. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, "ìdá márùn-ún nínú 100". Ẹ ní kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó tí ẹ máa san sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àbùkù tó ju ìyẹn lọ fún àgbẹ̀ ni àkókò. Pákí ń gba nǹkan bí ọdún kan, báǹkì ń fẹ́ kó máa san án lóṣooṣù láti oṣù àkọ́kọ́. Kí ló máa fi san? Owó tó bá dé lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ sì ti di ìyà, torí àgbàdo tó yẹ kó wọlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ò ṣeé gbìn ní oṣù Kẹfà kó tún ṣe dáadáa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sún mọ́ ohun tó tọ́ jù: ẹni tó ti dá owó sílẹ̀ lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀, onídùúró méjì á fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ sì lè ṣètò kí àgbẹ̀ san án lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìkórè. Ohun tó máa ń pa wọ́n ni àìní ìwé ìṣirò tó mọ́. Ẹgbẹ́ tí akápò rẹ̀ nìkan mọ iye tó wà nínú àpò ti kú, ọjọ́ ìsìnkú ló kù.

Àdùkẹ́ Mọ́kọlá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kú làálàá. Ìbéèrè kan ló kù. Bí ìdílé mẹ́fà ládùúgbò bá fẹ́ jọ ra ẹ̀wà àti àgbàdo nígbà tó bá pọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà ọ̀wọ́n, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ́?

Bàbá Àká

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti òkè ọya láàárín oṣù Kẹwàá sí Kejìlá, ìgbà yẹn ni kí ẹ rà á. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án ló máa ń wọ́n jù.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má da oògùn apakòkòrò olómi tí wọ́n ń pè ní Sniper sínú ẹ̀wà, ẹ má sì ra lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dà á. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, májèlé ni. Nítorí irú rẹ̀ nínú ẹ̀wà wa ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015, NAFDAC náà sì fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà ní 2019.

Àpò onípele mẹ́ta ni kí ẹ lò: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú, àpò ṣáká lóde. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀wà á mí gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, á sì kú, torí náà kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọlé. Ẹ mú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ da àgbàdo tàbí ẹ̀wà lé e títí tó fi kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ padà sá a. Bí iyọ̀ bá dà sílẹ̀ láìlẹ̀, ó ti tó.

Àgbàdo ni kí ẹ ṣọ́ jù, pàápàá èyí tí wọ́n kó ní oṣù Keje nígbà òjò. Àgbàdo tó rin máa ń hu ohun aláwọ̀ ewé tó ń mú aflatoxin jáde, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè ò ní mú un kúrò. Bí ẹ bá ń bá àgbẹ̀ kan ṣe pọ̀, ẹ bi í bóyá ó lo Aflasafe, ohun tí IITA gbé jáde láti dín aflatoxin kù lóko: 10 kílò lórí hẹ́kítà kan, kí wọ́n fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Kí ẹ tó kó nǹkan sínú àpò, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ẹnu rẹ̀, ẹ fi etí sí i. Bó bá ń jò, kò wúlò. Ẹ fẹ́ ẹ̀wà kí èèpo àti igi mímú má bàa gún ọ̀rá. Ẹ kó o sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ fọwọ́ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ dì í, ẹ tẹ ẹnu náà padà, ẹ tún un dì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì àti àpò ìta. Ẹ tò ó sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kí eku má sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ má tú u fún ó kéré tán oṣù kan sí méjì.

Ìdílé mẹ́fà ni ẹ, nítorí náà ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńlá 100 kílò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú àpò, atẹ́gùn tuntun ń wọlé. Ẹ lo oní-50 kílò, ẹ wọ̀n ọ́n ní kílò níwájú gbogbo yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dì í àti iye kílò sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí omi kì í wẹ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ máa tú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì pín in tán lọ́jọ́ tí ẹ tú u.